Ẹni Tó Ní Kí Wọ́n Yọ Ìbéèrè Kejì

Kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni ohùn tó máa ń sọ fún gbogbo èrò pé ọkọ̀ ojú irin ti ń bọ̀, kí wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sínú yàrá kékeré kan tó ní gíláàsì níwájú, tí mò ń pàṣẹ fún àwọn tí kò mọ ojú mi, tí wọ́n sì ń gbọ́ràn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó máa ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí mo wá fẹ̀yìn tì, tí kò sí ẹni tí mo lè ní kó sún sẹ́yìn mọ́ àfi ológbò ilé wa, tí ìyẹn kì í sì í ka ènìyàn sí, ilé sú mi. Ọmọ mi obìnrin ló kó mi yọ.

Ọ̀gá Kékeré là ń pè é láti ìgbà tí kò tíì ga tó tábìlì, torí òun ló máa ń sọ ibi tí kálukú máa jókòó bí a bá fẹ́ jẹun, títí kan bàbá rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta bàtà. Fèrèsé ibẹ̀ kì í pa dé tán, òórùn awọ sì máa ń bá ènìyàn dé orí àga. Iṣẹ́ wọn ò ṣòro láti yé ènìyàn. Láràárọ̀, fóònù máa dún nílé àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ohùn kan á kí i dáadáa, á sì bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀. Bó bá ní òun ti lò ó, ó parí. Bó bá ní òun ò tíì lò ó, tàbí tí kò gbé fóònù, nọ́ọ̀sì á wá a lọ.

Ohùn ta ni? Tèmi ni o. Inú kọ́bọ́ọ̀dù la ti gbà á sílẹ̀, láàárín àwọn kóòtù, torí wọ́n ní aṣọ máa ń gbé ariwo mì. Ẹ wo èmi tí mo tóbi báyìí, tí wọ́n há mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí apá kóòtù ń fá mi nímú, tí ọmọkùnrin kan sì na máìkì sí mi lẹ́nu. Ọmọkùnrin yẹn ni wọ́n ń pè ní Dákẹ́. Òun ló ń kọ gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà wọn ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá kí Dákẹ́ káàárọ̀, á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó dáhùn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ mi rí.

Bí mo ṣe tún di ènìyàn pàtàkì nìyẹn. Mo wà lórí ìlà nílé búrẹ́dì lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó gbóná, ni ìyá àgbà tó wà níwájú mi bá yíjú padà. Ó béèrè bóyá èmi kọ́ ni mo pe òun láàárọ̀. Mo ní èmi ni. Kíá ló fèsì pé òun ti lò ó o, bíi pé mo fẹ́ nà án. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Níbẹ̀rẹ̀, ìbéèrè méjì ni ohùn mi máa ń béèrè. Bí àgbà bá ti ní òun lo oògùn, mo tún máa ń sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka èyí tó kù nínú ike oògùn yín." Háà, wọ́n kórìíra rẹ̀. Bàbá kan bi fóònù bóyá òun jọ òpùrọ́ lójú rẹ̀. Ìyá kan tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá iléèwé sọ pé láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, kò sẹ́ni tó jẹ́ bi òun ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gé fóònù, àwọn mìíràn ní kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò pátápátá. Iléeṣẹ́ ọmọ mi ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa la sì rí i.

Ọjọ́ tí wọ́n jókòó sí ọ̀rọ̀ náà, mo wà níbẹ̀, mò ń po tíì fún wọn. Ọ̀gá Kékeré ní kí wọ́n yọ ìbéèrè kejì. Dákẹ́ gbójú sókè kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kàn ń kí wọn ni. Ìkejì ló ń bi wọ́n."

"Àgbà ni wọ́n, Dákẹ́. A kì í wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà bí ẹni ń wádìí olè. Yọ ọ́."

Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ní òun ti gbọ́, àti pé orí òun ni iléeṣẹ́ náà wà. Ló bá yọ ọ́. Ká sòótọ́, inú èmi gan-an dùn, torí ìbéèrè yẹn kò dùn lẹ́nu mi. Àwọn àgbà padà wá. Wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ohùn náà ti ní ẹ̀kọ́ ilé wàyí. Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé ìwòsàn ńlá tó wà lódìkejì odò kó gbogbo àgbàlagbà tó wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn lé ọmọ mi lọ́wọ́. Ọ̀gá Kékeré ra àga tuntun, gbogbo wa sì jókòó lé e lọ́kọ̀ọ̀kan ká wò ó.

Káfíńtà kan wà lára àwọn àgbàlagbà ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń gbé, òun nìkan, àfi bí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ bá wá a wá lópin ọ̀sẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá ti bi í, èsì kan náà ni: "Mo ti lò ó, ẹ ṣé o." Kò lò ó. Oògùn náà máa ń mú kí òòyì kọ́ ọ, káfíńtà tí òòyì bá sì ń kọ́ kò lè fọkàn tán ìka ara rẹ̀ nídìí ayùn. Ó ju ike náà sínú agolo ìṣó, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohùn tó ń pè é wá níwà pẹ̀lẹ́ débi pé kò lè sọ fún un pé rárá. Ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn lẹ́yìn náà, nígbà tó lè sọ̀rọ̀.

Oníbàárà kan tó wá gba ilẹ̀kùn rẹ̀ ló bá a nílẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú pákó. Kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Ọmọ rẹ̀ tú ṣọ́ọ̀bù náà, ó rí ike oògùn nínú agolo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kí bàbá yẹn ka èyí tó kù, àṣírí ì bá ti tú tipẹ́. Olùkọ́ gbé ike náà lọ bá dókítà àgbà ilé ìwòsàn, dókítà sì ránṣẹ́ pe ọmọ mi pé kó wá ṣàlàyé.

Kí ọmọ mi tó lọ, lọ́yà iléeṣẹ́ rẹ̀ wá sókè ṣọ́ọ̀bù bàtà. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó nu àga kó tó jókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Ta ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìbéèrè náà? Dákẹ́ ni. Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan ló ṣe é, àwọn sì ti lé e lọ, ilé ìwòsàn máa gbà. Bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá ní òun lòun ṣe é, wọn ò ní fi àgbàlagbà kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, iléeṣẹ́ yẹn á sì dẹnu kọlẹ̀. Ó tẹnu mọ́ ọn pé kò sí irọ́ níbẹ̀.

Dákẹ́ wà nínú yàrá kejì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí lọ́yà lọ tán, ó jáde wá, ó ní òun gbà. Ó ní òun á rí iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ bá kú, kò sẹ́ni tó máa pe àwọn àgbà yòókù láàárọ̀. Ọmọ mi ní kó máa lọ sílé.

Èmi ní tèmi, inú kíṣìnnì mi ni mo ká ọmọ mi mọ́. Ó ń fọ abọ́ fún mi, mo sì sọ ohun tó wà nínú mi. Mo ní ọmọkùnrin yẹn ti gbà fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Mo rán an létí gbogbo ìyà tó jẹ kí iṣẹ́ yẹn tó dìde. Mo ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn, pé tèmi ni mo bí, n kò bí Dákẹ́. Ó fọ abọ́ kan tán, ó gbé e kalẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Màmá, ta lẹ gbọ́ tó ní kí wọ́n yọ ọ́?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ gbọ́, Dákẹ́ gbọ́, èmi náà gbọ́. Àwa mélòó la fẹ́ jọ gbàgbé rẹ̀?"

Mo dé ìkòkò mi pẹ̀lú ariwo, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ. Inú bí mi gan-an. Mo ní orí kunkun bàbá rẹ̀ ló jogún, kì í ṣe tèmi, ológbò sì ń wò mí bíi pé ó ní nǹkan tó fẹ́ sọ.

Wọn ò pè mí sí ìpàdé náà, ṣùgbọ́n mo lọ. Ohùn mi ló ń bi bàbá oníbàbá léèrè, ta ló fẹ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà? Yàrá gígùn kan ni, tábìlì gígùn kan wà láàárín rẹ̀, pẹ̀lú omi nínú jọ́ọ̀gì tí ẹnikẹ́ni kò mu. Dókítà àgbà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó gbé awò ojú sórí irun, jókòó sí òpin tábìlì. Olùkọ́ jókòó sí ọ̀kánkán wa, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó sì di etí báàgì náà mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Lọ́yà ló kọ́kọ́ dìde. Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ dídán. Ó ní àṣìṣe kan wáyé. Ó ní ìbéèrè kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ń gbòòrò, ìbéèrè náà kúrò.

"Ó kúrò?" ni Olùkọ́ wí. "Ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni?"

Lọ́yà wú ikọ́. Ó ṣí ìwé rẹ̀, mo sì mọ̀ pé orúkọ Dákẹ́ ló kù tó máa jáde. Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé ìwé náà, ó dìde.

"Kò kúrò fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó fọwọ́ yọ ọ́ kìlọ̀ fún mi, ó sọ ìdí tí kò fi dára, mo sì pa á lẹ́nu mọ́ torí pé èmi ni ọ̀gá. Mo sọ fún gbogbo wọn pé ọ̀wọ̀ àwọn àgbà ni mò ń rò. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, kò pọ̀. Wọ́n ń fi wá sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé iṣẹ́ mi máa kú. Mo fi ìlera bàbá yín ra ìfẹ́ àwọn ènìyàn. Ẹ má wá ẹlòmíràn kún un, èmi ni."

Lọ́yà di ojú. Ẹ̀yin òbí, mo ti rò pé bó bá sọ ọ́, ẹkún ló máa gbọ̀n mí. Rárá o. Ẹ̀yìn mi ló nà. Mo wo ọmọ yẹn níbi tó dúró sí, láìsí nǹkan kan tó fi bo ara rẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú pópó wá wò ó. Mo ti gbọ́ tí wọ́n yìn ín nígbà tí iṣẹ́ ń dára, inú mi dùn nígbà náà. Èyí ju ìyẹn lọ. Ohun tó wà ní àyà mi lọ́jọ́ náà, ìgbéraga ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fi orúkọ mìíràn pè é.

Nígbà tí Olùkọ́ wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ìjà ni mo múra wá. Níwájú dígí ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sí yín. Ẹ ò jẹ́ kí n jà." Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Mi ò tíì dárí jì yín o."

"Mi ò tíì bẹ̀ yín fún un, mà," ni ọmọ mi dáhùn. Ó ní ohun tí òun máa ṣe ni òun fẹ́ sọ. Ìbéèrè kejì ti padà sí ipò rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Òun sì máa lọ sílé àwọn àgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun fúnra òun, láti sọ ohun tí òun ṣe fún wọn, kí nọ́ọ̀sì sì wo ike oògùn wọn.

Dókítà àgbà tẹ́tí sí i dé òpin. Ó ní òun kì í sábàá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn, òun sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn máa kó àwọn àgbàlagbà rẹ̀ padà bí ọmọ mi bá ti parí àbẹ̀wò náà. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ọmọ mi ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́yà kó ìwé rẹ̀, ó sì jáde láì wo ẹnikẹ́ni.

Dákẹ́ wà níta lórí àtẹ̀gùn, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára jù tó ní, torí ó rò pé wọ́n máa pe òun wọlé. Nígbà tí ọmọ mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó kọ́kọ́ rò ó wò. Lẹ́yìn náà ló béèrè ilé tí wọ́n máa kọ́kọ́ lọ. Èmi, tí mo ti fẹ́ fi í rọ́pò ọmọ mi, mo bá a tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, mi ò rí nǹkan mìíràn ṣe.

Wọ́n lọ o. Àwọn kan gbà wọ́n lálejò, àwọn kan bú wọn. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé tẹ́lẹ̀ mú kí ọmọ mi dúró bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé, ó bá a wí dáadáa, lẹ́yìn náà ló jáde pẹ̀lú ike oògùn tirẹ̀. Oògùn tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n bá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ilé ìwòsàn kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ọmọ mi sì yọ̀ǹda ọ̀kan nínú yàrá méjèèjì. Ìwọ̀nba àgbàlagbà tó kù ni àwọn tó ti wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa ọmọ mi nígbà yẹn, tó ń ṣe bíi pé ó ń kẹ́dùn, mo máa ń dá a lóhùn pé kò sí ìkẹ́dùn ńbẹ̀, kó lọ bi dókítà bí ọmọ mi ṣe dúró.

Ó ṣe díẹ̀, Olùkọ́ gun àtẹ̀gùn wá bá wa. Mo rò pé ìjà tó kù ló gbé wá. Ó jókòó sórí àga tuntun yẹn, ó ní bàbá òun ti padà sílé, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti pààrọ̀ oògùn rẹ̀ sí èyí tí kì í mú kí òòyì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá bi í, á ní òun ti lò ó. Bí òun tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ bá bi í, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Mo na ọwọ́ sí fóònù. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi, èmi fúnra mi máa pè é, pẹ̀lú ohùn tó mọ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ni Olùkọ́ sọ fún mi. "Ó ní kì í ṣe ẹ̀yin. Ó ti purọ́ fún yín jù, ojú yín ń tì í." Ó wá yíjú sí ọmọ mi. "Mo sọ ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn fún un. Ó ní ẹni tó lè jẹ́wọ́ ni òun náà lè jẹ́wọ́ fún. Ó ní kí ẹ̀yin máa pe òun."

Láti ìgbà náà, kó tó ṣe ohunkóhun láàárọ̀, Ọ̀gá Kékeré fúnra rẹ̀ ló ń pe Bàbá Káfíńtà. Ohùn rẹ̀ kò dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ha, ó sì máa ń sáré sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá gbé e sí ibùdókọ̀ ojú irin, gbogbo èrò ni yóò ṣi ọkọ̀ wọ̀. Mo jókòó nítòsí rẹ̀ ní àárọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, mò ń gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ náà. Ó kí i, ó béèrè bó ṣe sùn. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá ó ti lo oògùn.

Ó tẹ́tí sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí bàbá wí, ṣùgbọ́n mo rí i lójú ọmọ mi pé kò purọ́ fún un.

"Ó dáa, Bàbá," ló wí. "Ẹ lọ mú un wá, kí ẹ lò ó. Mò ń dúró."

Ó sì dúró, fóònù wà létí rẹ̀, títí bàbá fi rọra rìn lọ tó sì rọra rìn padà.